Kì Í Ṣe Kí A Gbẹ́kẹ̀ Lé Ènìyàn Sí I, Bí Kò Ṣe Kí A Mọ Ẹni Tí Ó Yẹ: Lẹ́tà sí Olóòtú Lórí Iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Onora O'Neill

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú akitiyan. Mo kọ lẹ́tà yìí nítorí gbólóhùn kan tí ó ti di àkọ́sórí nínú ìwé ìròyìn, lórí rédíò àti lẹ́nu àwọn tí ń ṣèjọba: pé àwọn ènìyàn kò gbẹ́kẹ̀ lé ara wọn mọ́, pé ìgbẹ́kẹ̀lé nínú ìjọba, nínú ilé ìwòsàn, nínú ilé ẹ̀kọ́ àti nínú ìwé ìròyìn pàápàá ti dínkù, àti pé iṣẹ́ ńlá tí ó wà níwájú wa ni kí a dá ìgbẹ́kẹ̀lé náà padà sípò. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ẹni tó ń gbọ́ yóò rò pé kò sí ìbéèrè kankan tí a lè bi wọ́n lórí rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà nínú ìmọ̀ òye, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní fìlọ́sọ́fì, tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàlàyé pé ìbéèrè pọ̀ níbẹ̀, ó sì ń dùn mí pé a kì í sábà gbọ́ nípa iṣẹ́ rẹ̀ ní èdè Yorùbá. Orúkọ rẹ̀ ni Onora O'Neill.

Wọ́n bí O'Neill ní Àríwá Ireland ní ọdún 1941. Ó kàwé ní Oxford, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Harvard lábẹ́ John Rawls, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìdájọ́ òdodo yí ẹ̀kọ́ ìwà híhù padà ní ìdajì kejì ọ̀rúndún ogún. Ó kọ́ni ní Barnard College ní New York àti ní Yunifásítì Essex kí ó tó di ọ̀gá àgbà Newnham College ní Cambridge, níbi tí ó wà láti 1992 títí di 2006. Ó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà Ìlú Ọba ní 1999, ó ṣe ààrẹ British Academy, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ní Ìlú Ọba, láti 2005 sí 2009, ó sì tún ṣe alága àjọ tí ń bójú tó ìdọ́gba àti ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn níbẹ̀. Ní 2017, ó gba ẹ̀bùn Holberg àti ẹ̀bùn Berggruen. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kì í ní oríkì. Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé rí ni pé ẹni yìí ti jókòó níbi tí wọ́n ti ń ṣòfin, ó ti ṣe olórí ilé ẹ̀kọ́, ó ti wà nínú ìgbìmọ̀ tí ń yẹ ọ̀ràn ìwà híhù wò nínú iṣẹ́ ìṣègùn. Kì í ṣe inú ìwé nìkan ni ó ti bá ọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé pàdé.

Ní 2002, iléeṣẹ́ BBC pè é láti wá sọ àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dọọdún tí wọ́n fi orúkọ John Reith, olùdarí àgbà wọn àkọ́kọ́, sọ. Ó fi márààrún sọ̀rọ̀ lórí ìgbẹ́kẹ̀lé. Ohun tí ó sọ níbẹ̀, tí ó sì tún sọ lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn náà, kò gùn rárá, ṣùgbọ́n ó gba àròjinlẹ̀: kí a yé rọ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé wa sí i. Ìgbẹ́kẹ̀lé nìkan kò tó nǹkan. Ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé gbájúẹ̀ ti gbẹ́kẹ̀ lé ènìyàn tán, òun náà ló sì jìyà rẹ̀. Nígbà tí wọ́n mú Bernard Madoff, gbájúẹ̀ tí ó ń gba owó ènìyàn pé òun yóò bá wọn fi ṣòwò, ní New York ní oṣù Kejìlá ọdún 2008, gbogbo ayé rí i pé àwọn olówó, àwọn àjọ aláàánú àti àwọn tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ti ń kó owó wọn fún un láti ọdún pípẹ́ wá. Ìgbẹ́kẹ̀lé kọ́ ló wọ́n wọn. Wọ́n ní in ní àníjù. O'Neill mẹ́nu ba Madoff yìí nínú ọ̀rọ̀ kan tí ó sọ ní 2013, ohun tí ó sì fà yọ ni pé ohun tí ó yẹ kí ó jẹ wá lógún ni bí a ṣe ń gbé ìgbẹ́kẹ̀lé lé ibi tí ó yẹ, tí a sì ń fà á sẹ́yìn níbi tí kò yẹ. Ẹni tí ó bá kọ̀ láti gbẹ́kẹ̀ lé òpùrọ́ kò ṣe ohun tó burú, kò sì sí ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ kà á mọ́ ara àwọn tí ń ba àwùjọ jẹ́.

Ẹ tún wo bí àwọn tí ń wádìí èrò ará ìlú ṣe máa ń gbé ìbéèrè wọn kalẹ̀. Wọn a ní, ǹjẹ́ ẹ gbẹ́kẹ̀ lé àwọn olóṣèlú? Ǹjẹ́ ẹ gbẹ́kẹ̀ lé àwọn olùkọ́? Ẹni tí ó bá ní làákàyè yóò kọ́kọ́ béèrè pé àwọn wo nínú wọn, àti lórí ọ̀rọ̀ wo. Àpẹẹrẹ tí O'Neill lò ni ti olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí a mọ̀ dájú pé ó lè kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà, ṣùgbọ́n tí a kò ní gbà kí ó wa ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó àwọn ọmọ. A kò kórìíra olùkọ́ náà, a kò sì sọ pé olè ni. Iṣẹ́ kan la gbẹ́kẹ̀ lé e fún, a kò gbẹ́kẹ̀ lé e fún èkejì. Ohun mẹ́ta ni ọ̀jọ̀gbọ́n yìí ní kí a máa wò kí a tó fi ọkàn tán ẹnì kan lórí iṣẹ́ kan: ṣé olóòótọ́ ni, ṣé ó mọ iṣẹ́ náà, ṣé ẹni tí í ṣe ohun tí ó bá ní òun yóò ṣe ni. Olóòótọ́ tí kò mọṣẹ́ lè pa aláìsàn. Ẹni tí ó mọṣẹ́ tí kì í ṣe olóòótọ́ ló tilẹ̀ burú jù, nítorí ìmọ̀ rẹ̀ ni yóò fi bo irọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ní Ìlú Ọba, láti 1983 ni wọ́n ti ń bi ará ìlú léèrè irú iṣẹ́ tí wọ́n gbà pé àwọn tó ń ṣe é máa ń sọ òótọ́. Ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn gan-an, àwọn tí wọ́n gbà pé olóṣèlú ń sọ òótọ́ kò tó 20 nínú 100, ti akọ̀ròyìn náà kò sì tó 20. Nítorí náà, nígbà tí mo bá kà á pé ìgbẹ́kẹ̀lé ṣẹ̀ṣẹ̀ wó lulẹ̀ ni, mo máa ń fẹ́ kí ẹni tó kọ ọ́ sọ fún mi pé láti ìgbà wo. O'Neill fúnra rẹ̀ kò rí ẹ̀rí tó tó pé ìgbẹ́kẹ̀lé ti pòórá. Ohun tí ó rí ni pé ìfura ti di àṣà ẹnu. Ẹni tí ó sọ fún olùwádìí pé òun kò gbẹ́kẹ̀ lé dókítà mọ́, òun náà ló gbé ọmọ rẹ̀ dìde ní òru nígbà tí ara ọmọ ń gbóná, tí ó sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Èwo nínú méjèèjì ni kí a kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èrò rẹ̀?

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ọ̀nà àbáyọ ni kí ènìyàn má fọkàn tán ẹnikẹ́ni, nítorí ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ó yẹ kí a ṣọ́rí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá gbẹ́kẹ̀ lé ẹnikẹ́ni kò ní lè wọ ọkọ̀ òfurufú, kò ní lè lo oògùn, kò ní lè fi owó sí báńkì. Bí ó bá ní òun fẹ́ fúnra òun yẹ oògùn náà wò, yóò gbẹ́kẹ̀ lé ìwé tí ó kà nípa rẹ̀, ẹ̀rọ tí ó fi yẹ̀ ẹ́ wò, àti ẹni tí ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ náà. Ohun tí mo sì ti ṣàkíyèsí ni pé ẹni tí ń fura sí gbogbo ènìyàn ló máa ń tètè bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ó bá kọ́kọ́ sọ fún un pé gbogbo àwọn yòókù ń parọ́.

Ohun tí àwọn aláṣẹ ń fi ìfura yìí ṣe ló gba O'Neill ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí wọ́n bá ti rò pé ará ìlú kò gbẹ́kẹ̀ lé olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti ọlọ́pàá mọ́, wọn a ṣe òfin lé òfin, wọn a tẹ fọ́ọ̀mù lé fọ́ọ̀mù, wọn a sì fi iye kan lélẹ̀ tí oníkálùkù gbọ́dọ̀ dé kí wọ́n lè sọ pé ó ṣiṣẹ́. Ó ròyìn ohun tí ẹnì kan tó wà nínú iṣẹ́ ìgbẹ̀bí sọ, pé ìwé tí àwọn ń kọ ń gba àkókò ju ọmọ tí àwọn ń gbẹ̀ lọ. Àkókò tí ó yẹ kí wọ́n fi tẹ́tí sí aláboyún, fọ́ọ̀mù ló ń gbà á. Agbẹ̀bí náà ti ń jíhìn fún ọ́fíìsì, kò jíhìn fún ẹni tó wà lórí ibùsùn níwájú rẹ̀ mọ́.

Ìwádìí kan wà tí kì í ṣe ti O'Neill, tí kì í tilẹ̀ ṣe ti onímọ̀ òye, ṣùgbọ́n tí àwọn onímọ̀ òye máa ń tọ́ka sí, nítorí ó fi hàn bí òfin àti owó ìtanràn ṣe lè lé ìwà rere jáde kúrò níbi tí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Uri Gneezy àti Aldo Rustichini, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì, ló gbé e jáde ní ọdún 2000. Wọ́n lọ sí jẹ́léósinmi mẹ́wàá ní ìlú Haifa ní Ísírẹ́lì, níbi tí àwọn òbí gbọ́dọ̀ ti wá mú ọmọ wọn ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n kàn ń ka iye òbí tí ó ń pẹ́ ni. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mẹ́fà nínú àwọn jẹ́léósinmi náà lẹ ìwé mọ́ ara ògiri pé òbí tí ó bá pẹ́ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ yóò san ṣékélì (owó Ísírẹ́lì) 10 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ń pẹ́ kò dínkù. Wọ́n ń pọ̀ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí tí wọ́n fi di nǹkan bí ìlọ́po méjì iye tí wọ́n jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹtàdínlógún, wọ́n yọ owó ìtanràn náà kúrò, síbẹ̀ iye àwọn tí ń pẹ́ kò padà sí bí ó ṣe wà ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà jẹ́léósinmi yẹn. Kí wọ́n tó gbé owó ìtanràn dé, òbí tí ó pẹ́ yóò bá olùkọ́ tí ó ti kó ẹrù rẹ̀ pọ̀, tí ó di ọwọ́ ọmọ náà mú, tí ilé tirẹ̀ sì ń dúró dè é. Ojú yóò ti òbí náà, yóò bẹ olùkọ́, yóò sì sáré sí i ní ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn tí owó dé, olùkọ́ kan náà ló dúró síbẹ̀, ọmọ kan náà ló dì mú, ṣùgbọ́n òbí náà ti rò pé òun ti sanwó àkókò rẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ ojúṣe láàárín ènìyàn méjì ti di ọjà. Bí àwọn olùṣèwádìí náà ti ṣe túmọ̀ rẹ̀ nìyẹn, mo sì gbà pẹ̀lú wọn. Mo rò pé ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí olùkọ́ tí wọ́n ń fi iye akẹ́kọ̀ọ́ tó yege nìkan díwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀: bí iye náà bá ti pé, ó ti san gbèsè rẹ̀ nìyẹn, ọmọ tí ó jókòó sẹ́yìn kíláàsì tí kò gbọ́ nǹkan kan kò sí nínú ìṣirò. O'Neill kò ní kí ẹnikẹ́ni má jíhìn. Ohun tí ó ń béèrè ni ìjíhìn tó ní ọgbọ́n nínú: kí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà, tí wọn kò sì sí lábẹ́ ẹni tí wọ́n ń yẹ̀ wò, fi àkókò wò ó dáadáa, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí ní ọ̀nà tí ará ìlú yóò fi yé wọn.

Àkóyawọ́ ni oògùn kejì tí wọ́n máa ń júwe fún àìsàn yìí, pé kí gbogbo ìwé wà ní gbangba, kí gbogbo iye wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnu yà mí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á pé O'Neill kò fi bẹ́ẹ̀ gbà á gbọ́. Ó ní ẹ̀tàn ni ọ̀tá ìgbẹ́kẹ̀lé, kì í ṣe àṣírí. Dókítà tí ó pa àṣírí aláìsàn mọ́ ni a ń gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹni tí ó sì da ojú ìwé ẹgbẹ̀rún kan sílẹ̀ níwájú ènìyàn láìṣàlàyé lè fi òtítọ́ pamọ́ sáàárín wọn ju ẹni tí kò sọ nǹkan kan lọ. Ìwé ìyọ̀ǹda tí aláìsàn ń fọwọ́ sí ní ilé ìwòsàn wà lára ohun tí ó ti kọ̀wé lé lórí jù, pàápàá nínú iṣẹ́ tí òun àti Neil Manson jọ ṣe ní 2007. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé Alder Hey ní Liverpool fi ohun tí ó ń sọ hàn kedere. Ìwádìí ìjọba tí ó jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2001 fi yé gbogbo ènìyàn pé wọ́n ti yọ ẹ̀yà ara àwọn ọmọ tí wọ́n kú, wọ́n sì kó wọn pamọ́ láìjẹ́ kí àwọn òbí mọ̀. Àwọn òbí kan ti fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n yẹ òkú ọmọ àwọn wò. Kò sí ohun tó jẹ́ kí ó yé wọn pé wọ́n lè gbé odindi ọkàn tàbí ọpọlọ ọmọ náà pamọ́, kí wọ́n sì sin ọmọ láìsí i. Ìfọwọ́sí wà lórí ìwé, ìyọ̀ǹda kò sí. Òfin tuntun jáde lórí ọ̀rọ̀ náà ní 2004.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ O'Neill ni mo gbà tọwọ́tẹsẹ̀. Annette Baier, ọmọ New Zealand tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, ti kọ ọ̀rọ̀ kan ní 1986 tí ó sọ pé àwọn onímọ̀ ìwà híhù ti fi àdéhùn láàárín àwọn tó dọ́gba ṣe gbogbo ìrònú wọn, wọ́n sì gbàgbé ìgbẹ́kẹ̀lé tí ó wà láàárín ẹni tí ó lágbára àti ẹni tí kò ní in. Ọmọ ọwọ́ kì í yẹ ẹ̀rí wò kí ó tó mu ọmú. Lójú Baier, bí a bá gbẹ́kẹ̀ lé ènìyàn, a ti fi ara wa sí ìkáwọ́ rẹ̀, a sì ń retí pé inúure ni yóò fi bá wa lò. Ó ní ìgbẹ́kẹ̀lé tó mọ́ ni èyí tí kò ní bàjẹ́ bí ẹni kìíní bá mọ ohun tí ẹni kejì gbójú lé lára òun. Nínú ilé àti láàárín ọ̀rẹ́, mo rò pé Baier ló jàre. Láàárín ará ìlú àti àwọn iléeṣẹ́ ńlá, O'Neill ni mo tẹ̀ lé, nítorí iléeṣẹ́ kò ní inú tí a lè retí inúure láti ibẹ̀. Síbẹ̀, òbí tí ó gbé ọmọ rẹ̀ dé ilé ìwòsàn ní òru kò jìnnà sí ọmọ ọwọ́ yẹn. Kò ní àkókò láti yẹ ẹ̀rí wò, kò sì kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin méjèèjì ti pàdé nìyẹn, pé bí ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé wa bá ṣe jẹ́ aláìlágbára tó ni ojúṣe wa ṣe wúwo tó.

Ojúṣe yìí náà ni ìpìlẹ̀ gbogbo iṣẹ́ O'Neill láti àwọn ọdún 1970, nígbà tí ó ń kọ̀wé lórí Immanuel Kant, onímọ̀ òye ará Jámánì. Ìkéde Àgbáyé fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti 1948 sọ nínú abala 25 pé gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ sí ìgbé ayé tó péye, tí oúnjẹ wà nínú rẹ̀. O'Neill béèrè pé ta ni ojúṣe rẹ̀ jẹ́ láti pèsè oúnjẹ náà? Bí a kò bá lè tọ́ka sí ẹnì kan tàbí àjọ kan, kí ni ẹni tí ebi ń pa yóò fi ẹ̀tọ́ náà ṣe? Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ará ìlú láti mọ òtítọ́ ṣe rí. Ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún wọn ní ọ̀nà tí yóò yé wọn, tí wọn yóò sì lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀kan lára àwọn tí ojúṣe náà já lé léjìká ni ẹ̀yin, Olóòtú, ìdí sì nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà yìí sí yín dípò kí n kọ ọ́ sí àwọn aṣòfin.

Ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀ràn abẹ́rẹ́ àjẹsára MMR, tí wọ́n ń fún ọmọ kí ó má bàa kó àrùn mẹ́ta: measles, mumps àti rubella. Ní oṣù Kejì ọdún 1998, The Lancet, ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn ní Ìlú Ọba, tẹ ìwádìí kan jáde tí Andrew Wakefield àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lórí ọmọ méjìlá péré. Láti ibẹ̀ ni ìbẹ̀rù ti tàn kálẹ̀ pé abẹ́rẹ́ náà ló ń fa autism, ìpèníjà kan nínú bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń dàgbà. Àwọn ìwé ìròyìn gbé ọ̀rọ̀ dókítà kan kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún dókítà bí ẹni pé ìhà méjì tó dọ́gba ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ ọdún méjì tí wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ náà jẹ́ nǹkan bí 92 nínú 100 ní àárín àwọn ọdún 1990; nígbà tí yóò fi di 2004, wọ́n ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 80. Àwọn òbí yẹn kì í ṣe òmùgọ̀, wọn kì í sì í ṣe aláìbìkítà. Ìfẹ́ ọmọ wọn ló mú kí wọ́n fà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń kà kò fún wọn ní nǹkan kan tí wọ́n lè fi mọ èwo nínú àwọn tí ń sọ̀rọ̀ ló yẹ kí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Wọn kò mọ̀ pé àwọn agbẹjọ́rò tí ń múra láti pe àwọn tó ṣe abẹ́rẹ́ náà lẹ́jọ́ ti ń sanwó fún Wakefield.

Akọ̀ròyìn kan ló tú u síta. Brian Deer ti Sunday Times gbé ọ̀rọ̀ owó náà jáde ní oṣù Kejì ọdún 2004, ó sì ń bá a lọ títí ó fi hàn pé owó náà lé ní 400,000 pọ́n-ùn, àti pé ohun tí wọ́n kọ nípa àwọn ọmọ méjìlá náà kò bá àkọsílẹ̀ ìlera wọn mu. Ṣáájú àkókò yìí, ní 2002, wọ́n ti gbé ìwádìí kan jáde ní Denmark lórí ọmọ 537,303 tí kò rí ohun kankan tó so abẹ́rẹ́ náà mọ́ autism. The Lancet fagi lé ìwádìí Wakefield ní 2010, wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn dókítà ní ọdún kan náà. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òtítọ́ bá èyí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí measles bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè Swansea ní Wales ní ìparí 2012 títí wọ inú 2013, ó mú ènìyàn tó lé ní 1,000, ẹnì kan sì kú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ ọmọ tí kò gba abẹ́rẹ́ ní àwọn ọdún ìbẹ̀rù yẹn.

Iṣẹ́ ìròyìn kan náà ló tan ìbẹ̀rù kálẹ̀, òun náà ló sì mú òtítọ́ wá. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì? Àwọn tó tan ìbẹ̀rù kálẹ̀ ní kí òǹkàwé bẹ̀rù. Ohun tí Deer fún òǹkàwé ni ohun tí ó lè fi ṣèdájọ́: iye owó, ọjọ́, ẹni tó san án, ẹni tó gbà á. O'Neill ti sọ irú èyí nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ karùn-ún ní 2002, nígbà tí ó kọjú sí iṣẹ́ ìròyìn gan-an. Ó ní òmìnira tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní láti sọ èrò rẹ̀ yàtọ̀ sí agbára tí iléeṣẹ́ ìròyìn ńlá ní, àti pé ìdí tí a fi ń dáàbò bo òmìnira ìwé ìròyìn ni pé ará ìlú nílò rẹ̀ láti wá òtítọ́ rí. Kò ní kí ìjọba máa sọ ohun tí wọn yóò tẹ̀. Ohun tí ó dábàá ni kí àwọn tó ni ìwé ìròyìn, olóòtú àti akọ̀ròyìn máa sọ ọ́ ní gbangba bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ bá kan owó tàbí èrè tiwọn, kí wọ́n máa ya èrò sọ́tọ̀ kúrò lára ìròyìn, kí wọ́n má sì máa gbé àhesọ tí ẹlòmíràn ti tẹ̀ kiri láìní ẹ̀rí.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín kò ju ìwọ̀nba yìí lọ. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ ìwádìí èrò ará ìlú lórí ìgbẹ́kẹ̀lé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ ìbéèrè tí wọ́n bi àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe bi wọ́n, kí a lè rí i bóyá ó sọ iṣẹ́ tí ó ń béèrè nípa rẹ̀. Bí ìròyìn ìlera bá wọlé, kí ìpínrọ̀ kejì tàbí ìkẹta ti sọ iye ènìyàn tí wọ́n ṣèwádìí lé lórí àti ẹni tó sanwó rẹ̀; kí ó má jẹ́ ìsàlẹ̀ ojú ìwé kẹsàn-án ni a óò ti rí i. Kí "a gbọ́ pé" má máa dá dúró láìsí ẹni tí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, àfi bí ẹ̀mí ẹni náà bá wà nínú ewu, kí ẹ sì sọ pé ìdí nìyẹn. Ní ti àtúnṣe, èyí tí ó ká mi lára jù, ojú ìwé tí àṣìṣe ti wáyé ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí, pẹ̀lú ọjọ́ tí àṣìṣe náà jáde àti ohun tí ẹ kọ nígbà náà, kí ẹni tí ó gé ìròyìn àkọ́kọ́ pamọ́ lè mọ ibi tí yóò fi bírò fà.

Níwọ̀n ìgbà tí mo sì ti ní kí àwọn ẹlòmíràn máa sọ ibi tí ọwọ́ wọn wà, ó yẹ kí n sọ tèmi. Kò sí ẹni tó sanwó fún mi láti kọ lẹ́tà yìí, n kò sì ní àjọṣe kankan pẹ̀lú Ọ̀jọ̀gbọ́n O'Neill tàbí ilé ẹ̀kọ́ tí ó ti ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ìwà híhù lẹ́nu iṣẹ́ ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, òun ni mo fi ń jẹun, ó sì ṣeé ṣe kí ìyẹn mú mi ka ẹ̀kọ́ náà sí ju bí ẹlòmíràn yóò ti kà á sí lọ. Kí àwọn òǹkàwé yín fi èyí sọ́kàn bí wọ́n bá ń yẹ ọ̀rọ̀ mi wò.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ nọ́ọ̀sì kan